Ẹ Máa Wo Ìlà Orí Káàdì Ọmọ Yín

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé wa yìí jẹ mọ́ ohun kan tí ó wà nínú ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ yín. Nọ́ọ̀sì ni ó fi lé yín lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú yín ti fi pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí bí ẹni tí ń tọ́jú ìwé ilẹ̀. Káàdì ìlera ọmọ ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí a ń wọn ọmọ ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé kan ní agbègbè yìí, ìyá kan gbé ọmọkùnrin rẹ̀ tí ó pé oṣù 10 wá. Gààrí ni ìyá náà ń yan tà. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Kì í ṣe pé ara ọmọ kò yá ni ó ṣe wá. Abẹ́rẹ́ oṣù 9 tí ó ti pẹ́ sẹ́yìn ni ó wá gbà. Nígbà tí mo gba káàdì náà wò, ó mọ́ tónítóní bí ẹni pé àná ni wọ́n fún un. Ní ọjọ́ ìbí, ọmọ wọn kílò 3.1. Ní ọ̀sẹ̀ 14, ó wọn kílò 6. Lẹ́yìn èyí, òfìfo ni gbogbo ojú káàdì. A gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, kílò 7.2 ni ó wọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọkùnrin oṣù 10 tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá sábà máa ń wọn nǹkan bíi kílò 9. Nọ́ọ̀sì fi àmì sí i, ó fa ìlà láti ibi àmì ọ̀sẹ̀ 14 wá sí ibẹ̀. Ìlà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀.

Ìyá náà wò mí lójú, ó ní, "Àǹtí, ọmọ yìí kò ṣàìsàn o. Ó ń ṣeré, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ mi ní bí bàbá rẹ̀ ṣe rí nìyẹn nígbà tí ó wà lọ́mọdé."

Kò purọ́. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti ń tán lọ díẹ̀díẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀, nítorí pé ojú tí ń rí ọmọ lójoojúmọ́ kì í tètè rí i bí ọmọ bá dúró lójú kan. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Káàdì yìí ni ojú tí ìyá fi ń wo òkèèrè.

ILẸ̀ YORÙBÁ NI ỌGBỌ́N YÌÍ TI JÁDE

Bóyá ẹ ti rò pé láti òkè òkun ni wọ́n ti gbé káàdì ìwọ̀n ọmọ wá bá wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí kò jìnnà sí wa, ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó dáadáa, kí gbogbo ayé tó gbà á lò.

Ní ọdún 1956, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ David Morley wá ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild Hospital ní Iléṣà, ilé ìwòsàn tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀. Ó rí i pé àwọn ọmọ kéékèèké ń kún ibùsùn, àti pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àìsàn wọn ni a ìbá ti dá dúró nílé kí ó tó di ti ilé ìwòsàn: èéyi, ikọ́ àwúbì, ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti àìrí oúnjẹ tí ó ṣara lóore jẹ. Ó mọ̀ pé bí òun bá jókòó sí Iléṣà títí láé, ọmọ tí ó ti bàjẹ́ tán ni wọn yóò máa gbé wá bá òun.

Nítorí náà ni ó ṣe tọ àwọn ìyá lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú kan tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti dá ibi ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Àwọn nọ́ọ̀sì ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, kì í ṣe dókítà. Ọmọ tí ara rẹ̀ yá àti ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, ibì kan náà ni wọ́n ń gbé wọn wá. Wọ́n tẹ̀lé àwọn ọmọ tí a bí ní ìlú náà láti ọdún 1957 lọ, wọ́n ń wọ̀n wọ́n lóòrèkóòrè, wọ́n sì ń fi àmì sí ìwé kan tí wọ́n pè ní "Ọ̀nà Ìlera". Ọ̀nà ni wọ́n pè é lóòótọ́, nítorí pé ìlà méjì ni wọ́n fà sí orí rẹ̀ bí etí ọ̀nà méjèèjì, ọmọ sì ní láti máa rìn gòkè láàárín wọn.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí inú àwa obìnrin dùn sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà ni ó gbà pé ilé ìwòsàn nìkan ni ó lè tọ́jú ìwé aláìsàn, pé bí a bá fún ìyá tí kò mọ̀wé, yóò sọ ọ́ nù. Morley fi káàdì náà sínú àpò ọ̀rá, ó sì fi lé àwọn ìyá lọ́wọ́. Àwọn ìyá náà tọ́jú rẹ̀ ju bí ilé ìwòsàn ṣe ń tọ́jú tirẹ̀ lọ. Láti ibẹ̀ ni ọgbọ́n yìí ti tàn dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè ayé. Morley kúrò ní Iléṣà ní ọdún 1961, ó lọ ń kọ́ni ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kú ní ọdún 2009. Ìmọ̀ tí ó mú lọ, ọwọ́ àwọn ìyá Yorùbá ni ó ti kọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkòyè Ransome-Kuti, tí òun náà jẹ́ dókítà ọmọdé, di mínísítà ètò ìlera Nàìjíríà láti ọdún 1985 sí 1992, ọ̀nà yìí kan náà ni ó tẹ̀ mọ́: kí ìlera alábọ́ọ́dé súnmọ́ ẹnu ọ̀nà olúkúlùkù, kí a fún ọmọ ní àjẹsára, kí a fún un ní ọmú, kí ìyá sì mọ ohun tí yóò ṣe nílé kí ó tó di pé ó ń sáré.

BÍ A ṢE Ń KA ÌLÀ NÁÀ

Ẹ kò nílò láti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kí ẹ tó lè ka káàdì yìí. Oṣù ọjọ́ orí ọmọ ni ó wà ní ìsàlẹ̀, ìwọ̀n kílò ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbàkígbà tí a bá wọn ọmọ, nọ́ọ̀sì yóò fi àmì kan síbi tí oṣù àti kílò ti pàdé, yóò sì so ó pọ̀ mọ́ àmì tí ó ṣáájú. Ohun mẹ́ta péré ni ìlà náà lè sọ fún yín.

Bí ìlà bá ń gòkè, ẹ máa dúpẹ́, ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń wọn ìlọ́po méjì ìwọ̀n ọjọ́ ìbí wọn nígbà tí wọ́n bá fi pé nǹkan bí oṣù 5, wọ́n a sì tó ìlọ́po mẹ́ta nígbà tí wọ́n bá pé ọdún kan.

Bí ìlà bá tẹ́jú, ewu ń bọ̀. Ọmọ tí kò fi kún ìwọ̀n rẹ̀ láti oṣù kan dé èkejì ń pe ìyá rẹ̀, bí kò tilẹ̀ sọkún.

Bí ìlà bá ń sọ̀kalẹ̀, ewu ti dé. Ẹ má dúró de oṣù tí ń bọ̀. Ẹ gbé ọmọ lọ rí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé ọmọ kò ní láti sanra bíi ti aládùúgbò. Ọmọ kan lè kéré láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ìlà rẹ̀ sì máa gòkè dáadáa; irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe dáadáa. Òmíràn lè dà bí ẹni tí ó sanra, kí ìlà rẹ̀ sì ti dúró. Ọ̀nà tí ìlà kọjú sí ni kí ẹ máa wò. Nọ́ọ̀sì tún lè fi tépù aláwọ̀ mẹ́ta wọn apá ọmọ tí ó ti ju oṣù 6 lọ. Bí ó bá bọ́ sí pupa, èyí ni pé apá náà kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, ọmọ nílò ìtọ́jú ní kíákíá.

KÍ NI Ó MÁA Ń DÁ ÌLÀ DÚRÓ?

Nígbà tí a jókòó ti ìyá oníyangààrí yẹn, a bi í léèrè oúnjẹ ọmọ. Ó ní láti oṣù 4 ni òun ti padà sí ibi iṣẹ́, tí òun sì ń fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ọkọ òun. Ògì ni wọ́n ń fún un ní àárọ̀, ògì ní ọ̀sán, ògì ní alẹ́. Ògì náà sì ṣàn bí omi, nítorí kí ó lè gba inú ike ìfọ́mọ. Inú ọmọ ń kún, ọmọ ń sùn, gbogbo ilé sì gbà pé ó yó. Ṣùgbọ́n omi ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó kún inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà ní ìpele ìpele.

Láti ọjọ́ ìbí títí di oṣù 6, ọmú ìyá nìkan tó. Kò sí omi, kò sí àgbo, kò sí gúlúkóòsì. Omi púpọ̀ wà nínú ọmú, àní nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ pàápàá. Kí a fi ọmọ sí ọmú láàárín wákàtí kan tí a bí i, kí a má sì ṣe fún omi ọmú àkọ́kọ́ tí ó pọ́n dànù, nítorí pé òun ni ó dà bí àjẹsára àkọ́kọ́ fún ọmọ. Ìyá tí ó ń lọ síbi iṣẹ́ lè fún ọmú sínú ife mímọ́ tí ó ní ìdérí, kí ẹni tí ń tọ́jú ọmọ fi ife tàbí ṣíbí fún un mu láàárín wákàtí 4. Ike ìfọ́mọ ṣòro láti fọ̀ mọ́. Ife àti ṣíbí ni ó dára jù.

Láti oṣù 6, ọmú nìkan kò tó mọ́. Kí a máa fún ọmọ ní oúnjẹ mìíràn ní ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí ó sì di ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin láti oṣù 9, pẹ̀lú ìpápánu díẹ̀. Kí ọmú máa bá a lọ títí yóò fi pé ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ògì náà ki tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní máa ṣàn kúrò lórí ṣíbí. Ohun tí a fi sí i ni ó sì ń sọ ọ́ di oúnjẹ: ẹ̀wà sóyà tí a yan tí a lọ̀, ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná, edé tàbí ẹja gbígbẹ tí a gún, epo pupa ṣíbí kan. Mọ́ínmọ́ín dára, ẹ̀wà tí a yọ èèpo rẹ̀ dára, iṣu tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a tẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ dára. Ìbẹ́pẹ, máńgòrò àti ọsàn wà láyìíká wa.

Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú rere gbọ́ èyí. A ti gbọ́ ọ pé ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. Olè kò sí nínú ẹyin. Ohun tí ń mú egungun àti ọpọlọ ọmọ dàgbà ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹyin kan tí a sè jinná, tí a tẹ̀ mọ́ oúnjẹ ọmọ, kò wọ́n tó owó oògùn ọjọ́ kan. Ẹran àti ẹja tí ó wà nínú ìkòkò náà, kí a má ṣe pín gbogbo rẹ̀ fún àgbà kí ọmọdé wá máa lá ọbẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ ṣì ń dàgbà ni ó nílò rẹ̀ jù.

Ohun kan tún wà tí ó ń dá ìlà dúró: oyún tí ó tètè tẹ̀lé ọmọ ọwọ́. Ní àwọn ọdún 1930, dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, tí ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Gánà lónìí, rí àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn sì ń pọ́n. Ó béèrè orúkọ àìsàn náà lọ́wọ́ àwọn ìyá tí ń sọ èdè Gã, wọ́n sì sọ pé kwashiorkor ni, àìsàn tí ń ṣe ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú nígbà tí àbúrò ń bọ̀. Àwọn ìyá ti mọ ìdí rẹ̀ kí dókítà tó mọ̀ ọ́n. Kí ọdún 2 ó kéré tán kọjá lẹ́yìn ìbímọ kí ìyá tó tún lóyún. Ẹ bi nọ́ọ̀sì nípa fètò sọ́mọ bíbí. Tọkọtaya ni kí ó jọ lọ.

ÌGBẸ́ GBUURU

Bí ọmọ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ìlà rẹ̀ a máa já lulẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n gbígbẹ ara ni ó ń pa á. Omi àti iyọ̀ ara rẹ̀ ni ó ń jáde, a sì gbọ́dọ̀ dá a padà. Ẹ lọ gba ORS ní ilé ìlera, kí ẹ pò ó pẹ̀lú omi mímọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí. Bí kò bá sí lárọ̀ọ́wọ́tó, ẹ mú omi mímọ́ lítà 1, èyí tí í ṣe ìgò oníhàáfù-lítà 2, kí ẹ fi ṣúgà ṣíbí tíì 6 tí ó tẹ́jú àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì sí i. Kí iyọ̀ má ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 mu tó ìdámẹ́rin sí ìdajì ife ńlá, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù di ọjọ́ kejì, ẹ dà á nù.

Kí a fi oògùn zinc kún un fún ọjọ́ 10 sí 14: mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọmọ tí ó ti pé oṣù 6, mílígíráàmù 10 fún èyí tí kò tíì pé bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe dá ọmú tàbí oúnjẹ dúró. Àwọn kan a máa ní kí inú ọmọ sinmi. Inú ọmọ tí ebi ń pa kò lè jagun.

ÀJẸSÁRA TÍ Ó WÀ LÓRÍ KÁÀDÌ KAN NÁÀ

Ní ọjọ́ ìbí, ọmọ yóò gba ti ikọ́ ife, ti rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ àti ti àrùn ẹ̀dọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, yóò gba abẹ́rẹ́ tí ó kó àjẹsára márùn-ún pọ̀, èyí tí ti ikọ́ àwúbì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ti òtútù àyà, ti rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ àti ti ìgbẹ́ gbuuru. Ní oṣù 6, fítámìn A. Ní oṣù 9, ti èéyi, ti ibà pọ́njúpọ́njú àti ti yírunyírun. Ní oṣù 15, ti èéyi lẹ́ẹ̀kejì. Oṣù 15 yìí ni ọ̀pọ̀ ìyá máa ń gbàgbé, nítorí pé ọmọ ti ń rìn. Ara ọmọ lè gbóná díẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Èyí kì í ṣe ìdí tí a ó fi sá.

Ẹ rántí pé nígbà kan, kò sí àdúgbò tí a kì í ti í rí ọmọ tí rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ sọ di arọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ògidì kòkòrò àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyá tí ó ṣí ìlẹ̀kùn fún àwọn tí ń kán oògùn sí ọmọ lẹ́nu wà lára àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà.

ILÉ TÍ ỌMỌ Ń GBÉ

Kí ọmọ àti aboyún máa sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì tí a fi oògùn sí ní gbogbo òru, kì í ṣe ìgbà òjò nìkan. Ibà tí ń wá léraléra ń jẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ó sì ń dá ìlà dúró.

Àwa ará Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ sì ní ọ̀tá mìíràn tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ mọ̀ ní ọdún 1969 ní ìlú Lassa ní apá àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ti yọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa yìí lẹ́nu ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibòmíràn lọ. Inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ èkúté kan tí ń gbé inú ilé àti oko ni ó ti ń wá, ó sì ń ran láti ara ẹni sí ara ẹni nípasẹ̀ ẹ̀jẹ̀ àti omi ara. Gààrí tàbí ẹ̀lùbọ́ tí a sá sílẹ̀ gbalaja ni èkúté ń rìn kọjá lórí rẹ̀. Ẹ máa fi gààrí, ìrẹsì àti ẹ̀wà sínú ike tàbí agolo tí ó ní ìdérí. Ẹ dí ihò ilé, ẹ ro igbó ẹ̀yìnkùlé, ẹ da pàǹtírí sí ọ̀nà jíjìn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ fi èkúté ṣeré tàbí kí ó jẹ oúnjẹ tí eku ti jẹ kù. Ọṣẹ àti omi ni kí a máa fi fọ ọwọ́.

Bí ibà bá mú ẹnikẹ́ni nínú ilé, tí a lo oògùn ibà tí kò sì lọ, pàápàá láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin, ẹ má ṣe máa pààrọ̀ oògùn lọ́wọ́ onípẹ́ńbélé. Ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn ibà Lassa ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́. Aboyún ni kí ó tètè lọ jù, nítorí pé àìsàn yìí le fún un púpọ̀.

Ẹ̀YIN BABA, Ọ̀RỌ̀ YÌÍ KÀN YÍN

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìyá lè mọ̀ pé ìlà ti tẹ́jú, ṣùgbọ́n bí baba kò bá yọ̀ǹda owó ẹyin àti owó ọkọ̀, ìmọ̀ náà kò ní dé ibì kankan. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ní ọdún 2009, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ ni ìdádúró: ìdádúró nínú ilé kí a tó pinnu pé a ó lọ, ìdádúró lójú ọ̀nà, ìdádúró kí a tó gba ìtọ́jú nígbà tí a bá dé ọ̀hún, àti ìdádúró bí wọ́n bá ní kí a máa lọ sí ilé ìwòsàn tí ó tóbi jù. Ìdádúró àkọ́kọ́ yẹn, ìjọba kò lè bá wa mú un kúrò. Inú yàrá wa ni ó wà.

Nítorí náà, ẹ jọ sọ ọ́ nísinsìnyí, kí ó tó di òru. Ta ni a ó pè tí ó ní ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà? Owó wo ni a ó máa fi sápá kan? Ta ni yóò wo àwọn ọmọ yòókù? Bí ọmọ kò bá lè mu ọmú tàbí omi, bí ó bá ń bì gbogbo ohun tí ó jẹ, bí gìrì bá mú un, bí ó bá ń sùn lọ tí kò ṣeé jí, bí ó bá ń mí kíákíá tí àyà rẹ̀ ń wọnú, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tàbí bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, ẹ kò gbọdọ̀ dúró de ilẹ̀ mọ́.

Ẹ JẸ́ KÍ KÁÀDÌ DỌ̀TÍ

Ìyá oníyangààrí náà kò bínú sí wa. Ó padà sílé pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀ tí a ránṣẹ́ pè, àwọn méjèèjì sì jọ kọ́ bí a ṣe ń po ògì mọ́ ẹ̀pà àti edé. Ìyá àgbà náà ni ó sọ pé òun yóò máa ra ẹyin. Wọ́n ju ike ìfọ́mọ nù. Ìyá náà ń fi ọmú fún ọmọ kí ó tó jáde, bí ó bá sì dé, àti ní òru. Oṣooṣù ni wọ́n ń gbé e wá fún wíwọ̀n. Nígbà tí ó pé oṣù 13, kílò 8.5 ni ó wọ̀n. Ìlà rẹ̀ ti gbéra nílẹ̀, ó ti ń gòkè. Ìka epo wà lára káàdì náà, etí rẹ̀ kan ti ká, àmì kékeré sì wà lórí rẹ̀ ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́. Kò mọ́ tónítóní mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó rí.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ dìde nísinsìnyí, ẹ lọ ṣí àpótí. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n wọn ọmọ yín kẹ́yìn. Bí ó bá ti ju oṣù kan lọ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ gbé e wá ní ọjọ́ ìwọ̀n tí ó súnmọ́ jù. Bí káàdì bá ti sọnù, ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ jókòó sílé. Ẹ wá, a ó fún yín ní òmíràn. Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ọmọ wa yóò yè, a ó sì jèrè wọn o.